Wend, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti gbà mí lọ́kàn látàárọ̀: wend. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Ìbàdàn yìí kì í sábàá lò ó, àwọn òyìnbó fúnra wọn náà ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Ó ń há ọ̀rọ̀-ìṣe sórí, ló bá bi mí pé, "Àǹtí, walk di walked, jump di jumped. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni go ṣe wá di went? Wọn ò jọra rárá."

Wọn ò lè jọra, torí pé went kì í ṣe ti go. Ti wend ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, wendan ni wọ́n ń pè é, yíyí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Jámánì ṣì ń pe yíyí ní wenden títí dòní. Láti orí yíyí ló ti bọ́ sórí lílọ. Go ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó ń lò fún àná, ēode, àmọ́ nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1500, went ti gba ipò yẹn. Àwọn ará Scotland ní tiwọn yọ gaed lára go fúnra rẹ̀. Wend tó pàdánù went, wended ni wọ́n wá ṣe fún un. Ìtàn yìí dùn mọ́ mi gan-an. Yorùbá ò ní irú rẹ̀: mo lọ lánàá, mò ń lọ lónìí, màá lọ lọ́la, lọ náà ni lọ.

Ibi tí a ti ń bá wend pàdé jù báyìí ni wend one's way. Ìrìn ẹni tí kò kánjú ni, tó ń yà sọ́tùn-ún, tó ń yà sósì, torí bí ọ̀nà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà tó ń lọ Èkó kò wend rárá. Àmọ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, kó má gba títì, kó máa ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, kó kí ìyá ológì, kó yà fún ewúrẹ́, kó fo gọ́tà, kí Gbọ̀ngàn Màpó máa yọ lórí òkè, kó tún fara sin sẹ́yìn òrùlé páànù, wend gan-an nìyẹn! Mi ò mọ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu ju Ìbàdàn lọ.

Mo ní kí ọmọ náà fi ṣe gbólóhùn. Ó kọ ọ́ pé: We wended our way to Grandma's house at Oje. Ó dára, mo sì yìn ín. Ó tún béèrè bóyá ọlọ́kadà lè wend. Mo ní bó bá ń rọra gba inú kọ̀rọ̀ lọ, ó lè ṣe é. Èyí tó ń sáré lójú títì Ìwó Róòdù, kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún un.