Ihò, atẹ́gùn, àti ibi tí gáàsì sùn sí: ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń wọ iṣẹ́ ìwádìí ìbúgbàù

Ẹ̀yin àbúrò, kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà láti ṣírò bí gáàsì ṣe máa tàn ká, ẹ mú bébà àti bírò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: báwo ni ihò náà ṣe fẹ̀ tó? Kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, gáàsì ni àbí olómi? Báwo ló ṣe gbóná tó, ìfúnpá rẹ̀ ńkọ́? Ibo ni ohun tó bá jáde máa sùn sí? Ìjábọ̀ pọ̀ nílẹ̀ tó fi ojú ewé rẹpẹtẹ jiyàn lórí àwòṣe (ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń fara wé bí gáàsì ṣe ń tàn ká) tó dára jù, tí ọ̀rọ̀ ihò sì gba ìlà kan péré. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sí àwòṣe tó lè wo àṣìṣe ihò sàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Páìpù kan gbé methane, gáàsì kan tó ń jó, ní ìfúnpá 50 bar (bar 1 jẹ́ nǹkan bí ìfúnpá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká), ihò oní-mìlímítà 10 sì lu sí i lára. Tí ìfúnpá inú bá ti tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ìta, gáàsì á máa tú jáde pẹ̀lú eré ìró, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta kò sì lè dín in kù mọ́. Nínú àpẹẹrẹ yìí, nǹkan bíi kílò 0.6 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí ihò náà bá jẹ́ mìlímítà 20, á di ìlọ́po mẹ́rin, torí pé ojú ihò ló ń gbé gáàsì jáde, ojú ihò náà sì ń di mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ bá di méjì.

Ẹ wá gbé ihò kékeré yẹn sínú yàrá tó gba kúbíìkì mítà 100. Methane kì í jó nínú afẹ́fẹ́ àfi tó bá wà láàárín ìdá 5 sí ìdá 15 nínú 100. Ìdá 5 yàrá náà jẹ́ kúbíìkì mítà 5, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi kílò 3.4. Ẹ fi 0.6 pín in: kò pé ìṣẹ́jú àáyá 6. Lóòótọ́, gáàsì kì í pò mọ́ afẹ́fẹ́ káàkiri yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, fáànù sì lè máa fà á síta. Síbẹ̀ ìṣirò orí bébà yìí ti sọ ohun pàtàkì kan: ẹ̀rọ aṣàwárí gáàsì tó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 10 tàbí 20 kó tó ké kò lè jẹ́ ààbò àkọ́kọ́ nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdá 15 yẹn tù yín nínú. Yàrá tí gáàsì kún jù láti jó ṣì máa padà kọjá láàárín ìdá 15 sí 5 nígbà tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ wọlé.

Olómi ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, propane, ọ̀kan lára gáàsì ìdáná, ń hó ní ìwọ̀n 42 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Nínú táńkì tó wà ní ìwọ̀n 20, ìfúnpá nìkan ló ń mú un jẹ́ olómi. Bí ó bá ti yọ sí gbangba, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó ń di gáàsì lójú ẹsẹ̀. Èyí tó kù máa fọ́ sí ẹ̀kán wínníwínní tó ń bá ìkùukùu gáàsì náà lọ, tó sì ń gbẹ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ bí adágún tó ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ nílẹ̀ ti gé ìkùukùu náà kúrú. Irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà Flixborough, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nìyẹn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 1974: cyclohexane, olómi kan tó ń gbaná, tó ń hó ní ìwọ̀n 81 wà nínú ẹ̀rọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 155, páìpù onígbà díẹ̀ tí wọ́n fi so ẹ̀rọ méjì pọ̀ sì já. Ìkùukùu tó jáde bú gbàù, èèyàn 28 sì kú.

Bẹntiróò tó tutù, tí kò sí lábẹ́ ìfúnpá rárá, náà lè ṣe é. Ní Buncefield, ibùdó tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005, ẹ̀rọ tó ń fi ìwọ̀n epo inú táńkì 912 hàn lẹ̀ mọ́ ojú kan. Èyí tó yẹ kó dá epo dúró tí táńkì bá kún kò ṣiṣẹ́. Epo kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó já lulẹ̀ láti òkè táńkì, ó kọlu irin tó yí ara táńkì ká, ó sì fọ́ yángá. Ìfọ́yángá yẹn ni kókó. Ẹ̀kán kéékèèké ń gbẹ kíákíá, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra bó ṣe ń já bọ́. Tí ẹ bá rò ó bí epo tó kàn dà sílẹ̀, ìkùukùu tí ẹ máa rí lórí bébà kò ní jọ èyí tó bo agbègbè náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn kó tó bú gbàù.

Ọ̀rọ̀ gáàsì tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo kò ṣòro, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa rántí: ẹ wo bó ṣe tutù tó kí ẹ tó wo orúkọ rẹ̀. Methane fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ láti ara methane olómi wà ní ìwọ̀n 162 sísàlẹ̀ òdo, ilẹ̀ ló sì máa fà mọ́ títí yóò fi gbóná dé nǹkan bí 110 sísàlẹ̀ òdo. Àwọn àwòṣe tí wọ́n fi dátà ìdánwò pápá Prairie Grass ti 1956 dán wò bá gáàsì tó ń tẹ̀lé atẹ́gùn lásán mu. Gáàsì tó wúwo ń tẹ́ sílẹ̀, ó ń ṣàn wọ inú kòtò, ó tilẹ̀ lè lọ lòdì sí atẹ́gùn díẹ̀. Fún irú èyí, àwọn ìdánwò bíi Maplin Sands ti 1980 àti Thorney Island ti 1982 sí 1984 ni kí ẹ fi dán àwòṣe yín wò.

Ẹ má fi ojú ọjọ́ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni 5D àti 2F (lẹ́tà náà ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rú tó): atẹ́gùn mítà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìpele D, ìyẹn ojú ọjọ́ tó wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì, àti mítà 2 ní ìpele F, ìyẹn òru tí ojú ọ̀run mọ́, tí afẹ́fẹ́ kò sì rú. Bí ẹ bá rí 10F nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ dá a padà, kò sí irú ojú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Buncefield, òwúrọ̀ náà tutù, ó sì parọ́rọ́. Ọ̀pọ̀ àwòṣe rírọrùn kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe tí atẹ́gùn bá sún mọ́ òdo, nọ́ńbà lásán ni wọ́n kàn máa ń gbé jáde. Ohun mìíràn ni pé ìwọ̀n tí àwòṣe gbé jáde jẹ́ ìpíndọ́gba àkókò kan, gáàsì gidi sì ń wá ní ìṣù-ìṣù. Níbi tí ìpíndọ́gba bá ti jẹ́ ààbọ̀ ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó lè jó, ìṣù tó lè gbaná ṣì lè kọjá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fa ààlà sí ààbọ̀.

Iná wá dé. Nínú afẹ́fẹ́ tó parọ́rọ́, ìwọ̀n eré tí methane fi ń jó kò ju nǹkan bíi mítà 0.4 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú pápá gbalasa, ó lè jó kọjá láìwó ògiri kankan. Páìpù, òpó, àkàbà àti wáyà ló ń sọ ọ́ di ìbúgbàù. Gáàsì tó ti jó ń fẹ̀, ó ń ti èyí tí kò tíì jó gba àárín àwọn ohun wọ̀nyí. Rúkèrúdò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn páìpù kọ̀ọ̀kan, ojú iná wá pọ̀ sí i, ó jó kíákíá sí i, ó sì tún ti gáàsì sí i. Àwọn tó ń fi ìwúwo gáàsì díwọ̀n ìbúgbàù bí ẹni ń díwọ̀n àdó olóró kò rí èyí rárá, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tí olùwádìí van den Berg gbé jáde ní 1985 sàn jù: apá ìkùukùu tó há sáàárín àwọn ohun ìdènà nìkan ni ó ń kà. Ẹ má sì rò pé irin nìkan ló ń dí nǹkan lọ́wọ́. Ní Buncefield, igi àti igbó ẹ̀bá ọ̀nà ló mú iná sáré.

Àwòrán ilé iṣẹ́ tí wọn kò tíì kọ́ tán kì í ní páìpù kéékèèké àti ojú ọ̀nà wáyà. Tí ẹ bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣírò, ìfúnpá máa kéré gan-an, gbogbo èèyàn á sì dunnú. Ẹ fi àwọn tó kù kún un, kí ẹ wo iye tó padà fò sí.

Ní ti yàrá ìdánwò, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé hydrogen ń gbaná ní ìdá 4 tí ọwọ́ iná bá ń gòkè, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ nǹkan bíi 8 tàbí 9 kó tó lè jó lọ sísàlẹ̀. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti ṣáná sínú ìwé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ nọ́ńbà yín kò wúlò. Ẹ pa fáànù tó ń po gáàsì, kí ẹ sì dúró kí rúkèrúdò rẹ̀ rọlẹ̀ kí ẹ tó ṣáná. Tí iná bá kọjá lójú ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá, ooru lè mú kí gíráàfù yín já sísàlẹ̀ òdo bíi pé ìfúnpá pòórá. Gírísì sílíkóònù tín-ín-rín lójú ẹ̀rọ náà ń dín èyí kù. Àmọ́ ẹ gbé gírísì yẹn jìnnà sí ẹ̀rọ aṣàwárí tó ń jó gáàsì láti mọ̀ ọ́n, torí pé sílíkóònù kan náà ń pa á.

Irú aṣàwárí yẹn ní àlèébù mìíràn. Tí methane ni ẹ fi ṣètò rẹ̀, ìwọ̀n tó máa sọ fún gáàsì tó wúwo jù methane lọ á kéré sí òtítọ́. Èyí tó ń lo ìtànṣán infrared, ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, kò rí hydrogen rárá. Èyí tó ń jó gáàsì sì nílò afẹ́fẹ́: bí gáàsì bá ti pọ̀ jù, nọ́ńbà rẹ̀ á gòkè fíìrì, á sì tún já bọ́ padà sí òdo. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, ẹ má wọlé.