Ìwé ọdẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ ẹ tó wá ìbọn: ohun tí mo kọ́ ní Texas

Bí àwọn ará wa ní Houston bá gbọ́ pé mo máa ń dẹ ìgbẹ́, irú ìbọn tó dáa àti iye tí wọ́n ń tà á ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ọdẹ, ìyẹn ìwé àṣẹ tí ìjọba ń fún ọdẹ. Ó yé mi. Baba mi dẹ ìgbẹ́ títí ní agbègbè Ìsẹ́yìn, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n lọ́dẹ, n kò sì rí i kó yọ káàdì fún ẹnikẹ́ni rí. Ní Texas, ìwé ló ń jẹ́rìí ọdẹ, òun ló sì yẹ kó ṣáájú.

Texas Parks and Wildlife Department (TPWD) ni iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń ta ìwé náà. Ẹ lè rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọdẹ, kì í sì í pẹ́. Ohun tí wọ́n máa wò ni bóyá onílé ni yín tàbí àlejò. Ẹni tó bá ti ń gbé Texas fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́fà gbáko kó tó lọ rà á, onílé ni. Dọ́là 25 ni onílé ń san. Àlejò ń san 315. Ìyàtọ̀ owó yìí ló ń mú kí ẹlòmíì tó ń gbé Louisiana fẹ́ fi àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Texas gbàwé. Ẹ má ṣe é o. Irọ́ lẹ pa fún ìjọba yẹn, àwọn game warden tó ń ṣọ́ igbó sì láṣẹ láti mú èèyàn bíi ti ọlọ́pàá. Ẹ tètè gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Texas, kí àdírẹ́sì orí rẹ̀ sì bá ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé mu. Bẹ́ ẹ bá tún máa ń pẹja, ẹ ra èyí tó kó ìwé ọdẹ àti ti ẹja pípa pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Super Combo, ní dọ́là 68, kẹ́ ẹ sì gbàgbé àfikún kéékèèké.

Ẹ̀kọ́ ọdẹ ló kàn. Ẹni tí wọ́n bá bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn ìgbà náà gbọ́dọ̀ ṣe é. Wọ́n lè fún yín láyè ọdún kan ní dọ́là 10 kẹ́ ẹ tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ọdẹ tó ti gbàwé sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú yín nínú igbó. Ẹni tó ti pé ọdún 17 lè parí ẹ̀kọ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tèmi, ẹ lọ jókòó sí kíláàsì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń gbé ìbọn kọjá wáyà oko: ẹ yọ ọta, ẹ ti ìbọn gba abẹ́ wáyà kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò séèyàn, kẹ́ ẹ wá rìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ tó kọjá. Baba mi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń pariwo lé mi lórí náà ni olùkọ́ òyìnbó yẹn ń tẹnu mọ́: kò síbọn tí ò lọ́ta nínú. Ẹ̀ẹ̀kan láyé lèèyàn ń ṣe ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà sì ń gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tó gbẹgẹ́ nìyí. Àbúrò kan tó wá kàwé, tí fíísà F-1 wà lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá mi: "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ta ìbọn rẹ̀ fún mi, ẹ bá mi wò ó." Mo ní, "Ìwé ọdẹ ńkọ́?" Ó ní ìyẹn á tẹ̀ lé e. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹni tó fi fíísà onígbà díẹ̀ wọlé, bíi ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò, ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Díẹ̀ ni ohun tó lè yọ èèyàn, ìwé ọdẹ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ò kan ẹni tó ní green card. Ẹni tó bá kàn, kó bi lọ́yà tó mọ̀ nípa ìwé ìgbélùú kó tó náwó.

Ìwé ọdẹ yìí ò jọ káàdì báńkì. Bébà gígùn ni, tí omi ò tètè bà jẹ́, táàgì àgbọ̀nrín àti ti tòlótòló igbó, ìyẹn bébà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ẹran tí wọ́n bá pa, wà lára rẹ̀. Bí àgbọ̀nrín bá ti ṣubú, kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò, ẹ já táàgì tó tọ́ sí i. Bíírò lẹ máa fi kọ orúkọ oko àti káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tẹ́ ẹ ti pa á; oṣù àti ọjọ́, gígé ni kẹ́ ẹ gé e kúrò lára bébà náà. Fífi bíírò fa ìlà sí i ò tó. Òtútù àárọ̀ oṣù kejìlá, ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ka, nọ́ńbà tí ò ju èékánná lọ: ẹ fara balẹ̀, kí ọ̀bẹ má lọ gé ọjọ́ kejì mọ́ ọn. Inú ọ̀rá ni mo máa ń fi táàgì sí kí n tó so ó mọ́ ìwo. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín. Táàgì yín kì í ṣe ohun à ń yá ọ̀rẹ́ o, kódà kẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Nílé, òru lọdẹ ń lọ, iná á wà níwájú orí. Ẹni tó bá tan iná mọ́ àgbọ̀nrín lóru níbí ti wọ gàù. Láti ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó wọ̀ ni wọ́n gbà yín láyè. Ní ti ìwé ọdẹ, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ igbó yàtọ̀: láti 2019, bí onílẹ̀ bá ti gbà, ẹ lè pa á lórí ilẹ̀ rẹ̀ láìní ìwé ọdẹ. Àbúrò onífíísà F-1 yẹn gbọ́ èyí, ó ní, "Ẹ ò rí i!" Mo ní kó farabalẹ̀: òfin Texas nìyẹn, ti ìjọba àpapọ̀ lórí ìbọn ṣì wà níbẹ̀.

Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń nà sókè lẹ́bàá títì nílé, ẹ má dán títa rẹ̀ wò níbí. Ẹ lè fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá bu itan kan fún ẹni tó ń ṣàpèjẹ, ẹ kọ Wildlife Resource Document, ìyẹn ìwé tó ń sọ ibi tí ẹran náà ti wá, tẹ̀ lé e: orúkọ yín, nọ́ńbà ìwé ọdẹ yín, ohun tẹ́ ẹ bù, ẹni tẹ́ ẹ fún, ibi tẹ́ ẹ ti pa á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ pa á.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ni ìwé ọdẹ ń kú, ì báà jẹ́ oṣù tó kọjá lẹ rà á. Láti ọjọ́ 15 oṣù náà ni wọ́n ti ń ta tuntun. Ẹ rà á lọ́sẹ̀ yẹn, pàápàá ẹ̀yin onífíísà, nítorí bí ti àtijọ́ bá kú tí tuntun ò sì sí, ìbọn tó wà nílé yín ti di ẹ̀sùn. Bó bá sọ nù, dọ́là 10 ni wọ́n fi ń gba òmíràn. Wọ́n tún ní èyí tó ń wà lórí fóònù, tí ò ní táàgì bébà, tó jẹ́ pé inú áàpù lẹ ó ti ròyìn ẹran tẹ́ ẹ pa lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Èmi ń ra ti bébà, nítorí bátìrì fóònù mi kì í dé ọ̀sán.