Ní Ìbàdàn wọ́n á bi ẹ́ pé "ṣé ó ń dùn ẹ́?", ní Maryland l'Amẹ́ríkà wọ́n á bi ẹ́ pé "oṣù wo lẹ fẹ́?"

Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 17 ni, eyín kankan ò sì dùn ún o. A kàn lọ fọ eyín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni, wọ́n ní kó dúró sínú ẹ̀rọ kan tó ń yí orí èèyàn po, x-ray jáde, dókítà eyín fi bírò tọ́ka sí kọ̀ǹpútà, ó ní "eyín ọgbọ́n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa yọ, ṣé ká fi í sí June tí iléèwé bá ti gba ìsinmi?" (Eyín ọgbọ́n ni wisdom teeth, àwọn tó máa ń hù kẹ́yìn nínú ẹnu.) Mo kàn ń wò ó. Kò bi mí bóyá mo fẹ́, oṣù ló ń bi mí.

Ní Ìbàdàn tí mo dàgbà sí, ta ló ń lọ rí dókítà eyín nígbà tí eyín ò dùn ún? Wọ́n á kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣan ẹnu, wọ́n á ki kànáfùrù bọ ibẹ̀, wọ́n á lo Panadol, aládùúgbò kan á ní akokoro ni, á júwe ìyá kan tó ń ta oògùn ẹ̀ nínú ìgò kékeré lọ́jà. Ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tán ni wọ́n á tó rántí ọsibítù. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mò ń sìnjọba lọ́wọ́, eyín ọgbọ́n ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún fẹ́ yọ jáde, kò rí àyè, erìgì bo ìdajì ẹ̀, oúnjẹ ń há sábẹ́ ibẹ̀ títí ó fi kẹ̀. Ẹnu mi ò ṣí ju ìka kan lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣíbí tíì mu ògì. Wọ́n fún mi ní antibáyọ́tíìkì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n yọ ọ́, ojú mi là sílẹ̀ kedere, mò ń gbọ́ ọ tó ń ró kẹrẹkẹrẹ bí ìgbà tí wọ́n ń la igi, nọ́ọ̀sì kan di orí mi mú. Ó tán, mo wọ dáńfó lọ sílé.

Níbí wọ́n á fi oògùn oorun sí ọmọ níṣan, á sùn, á jí, á máa sọ ìsọkúsọ nínú mọ́tò, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa retí fídíò. Ó ti dà bí ayẹyẹ ọmọ iléèwé, ọmọ tèmi gan-an ló ń bẹ̀ mí pé ká ṣe é. Iye tí wọ́n kọ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú oorun jẹ́ $2,800, ínṣọ́ránsì eyín wa kì í sì í san ju $1,500 lọ lọ́dún.

Mo fi x-ray ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Manchester, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, láti ọdún 2000 ni NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà ní England, ti sọ ọ́ pé eyín ọgbọ́n tí ò bá ní àrùn kankan, kí wọ́n má yọ ọ́, kódà kó há sínú àgbọ̀n. Màmá mi ní tiwọn ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, orí ọ̀hún ò tiẹ̀ tíì fọ́!

Àmọ́ ká sọ tòótọ́, àwọn ará ibí náà ní àlàyé. Ní ọmọ 17, gbòǹgbò eyín ọgbọ́n ò tíì gùn tán, egbò ẹ̀ sì máa ń tètè jinná ju ti ẹni 35 lọ. Tí gbòǹgbò bá gùn tán, ó lè sún mọ́ iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára, tí wọ́n bá ṣèèṣì fara kan iṣan yẹn, ètè lè kú tipiri fún oṣù mélòó kan, ti ẹlòmíì kì í lọ mọ́. Ohun tó wá ń jà lọ́kàn mi ni pé tí a bá yọ eyín tí ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, a ṣì fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ bá ewu yẹn náà ni.

Mo wá dókítà kejì, ẹni tí kì í ṣe òun ló máa gbowó iṣẹ́ abẹ náà. Òun ló fẹ x-ray yẹn tóbi hàn mí. Méjì òkè dúró dáadáa, ti ìsàlẹ̀ lósì tẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n eegun bò ó pátápátá, ti ọ̀tún ìsàlẹ̀ (ibi tí tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ o) ló sùn gbalaja bí ẹni sùn sórí ẹní, ó forí ti eyín iwájú ẹ̀ lẹ́yìn, nǹkan dúdú kékeré kan sì ti wà níbi tí wọ́n ti fara kan ara wọn. Ó ní akokoro nìyẹn, eyín tó dáa yẹn ló fẹ́ bà jẹ́.

Ẹyọ kan yẹn la yọ, abẹ́rẹ́ lásán, kò sí oorun. Inú ọmọ ò dùn torí fídíò ò sí. Mẹ́ta tó kù, a ó máa fi x-ray wò wọ́n lóòrèkóòrè. Wọ́n fún wa ní ìwé pé kó má fi straw mu nǹkan kankan kí ẹ̀jẹ̀ tó dì síbi egbò náà má baà ṣí kúrò, kó máa jẹ applesauce àti ọ̀dùnkún gígún. Applesauce kẹ̀? Àmàlà tó ti tutù pẹ̀lú ewédú ni mo fún un, láìsí ata, èyí tí ò nílò eyín rárá.

Alẹ́ ọjọ́ kejì màmá mi pè lórí fídíò, "ọkọ mi, eyín náà dà?" Ó gbé e sókè nínú páálí kékeré tí wọ́n fi sí fún un. Wọ́n ní kó ṣa òkúta 17, kó jù ú pọ̀ mọ́ ọn sórí òrùlé. Mo ní Mọ́mì, eyín ọgbọ́n kì í hù padà kẹ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn wá ní kó hù ni, kí alángbá má ṣáà ti rí i ni tàwọn.

Ọmọ náà wọ bàtà, ó lọ sẹ́yìn ilé lọ ṣa òkúta. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló kún orí òrùlé wa o, mi ò tíì rí alángbá níbẹ̀ rí.