Ọdún 2025, ọdún tí mi ò lè kúnlẹ̀

Ọjọ́ kejì oṣù kìíní la lọ kí ìyá ọkọ mi, tí mò ń pè ní Màámi, kú ọdún. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kúnlẹ̀ kí wọn. Lọ́jọ́ náà, bí mo ṣe tẹ orúnkún wálẹ̀, nǹkan kan gbá mi níbi tí itan òsì ti so mọ́ ara, ó já wọ orúnkún bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún èèyàn. Mo di ògiri mú. Màámi ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Orí ìdúró ni mo ti kí wọn, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, ojú sì tì mí títí a fi délé.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ iye aṣọ tí mo rán àti iye ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó gba òmìnira síbí. Tọdún yìí yàtọ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi ni mo fẹ́ ròyìn, torí mo mọ̀ dájú pé ẹnìkan wà tó ń ka èyí, tó ń fi òróró pa orúnkún tí kò ṣẹ̀.

Orúnkún ni èmi náà di ẹ̀bi lé lórí. Gbogbo èèyàn ló ní làkúrègbé ni. Mo fi ìpara tó ń ta bí ata pa á, mo fi omi gbígbóná jó o, mo mu àgbo. Ilé ìwòsàn kékeré kan ya X-ray orúnkún, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, wọ́n sì gún mi lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Oníkẹ́míìsì kan ń di oògùn sínú ọ̀rá fún mi, àwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ mọ́ra. Bí mo bá ti lò ó, ara á fúyẹ́, bó bá tán, ìrora á tún dé. Ní oṣù kẹrin, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ teguntegun kan tó fa ẹsẹ̀ náà títí mo fi kígbe. Mi ò bú àwọn teguntegun o. Àbúrò bàbá mi dá apá, ọ̀dọ̀ wọn ló ti san. Ṣùgbọ́n eegun tèmi kò yẹ̀, kò sì ṣẹ́. Kí ló fẹ́ fà padà sáyè?

Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, mo ti ń tiro. Oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, wá wọn aṣọ. Ó wo bí mo ṣe lọ mú téèpù tí mo sì padà, ó ní, "Ìyàwó wa, kì í ṣe orúnkún ló ń ṣe ọ́. Ìgbáròkó ni. Lọ sí Igbóbì."

Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ láti Ladérin dé Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́tà, torí mi ò ríbi na ẹsẹ̀ sí nínú bọ́ọ̀sì. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ Igbóbì, ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Èkó. Bí ọ̀kadà bá gbá èèyàn, ibẹ̀ ni wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọdún 1945 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, kí wọ́n lè tún lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Mo ń rò ó lórí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó sí, pé ojú ogun làwọn tó kọ́kọ́ jókòó síbí ti ń bọ̀. Ó tù mí nínú.

Dókítà tó gbà mí kò fọwọ́ kan orúnkún rárá. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ gbalaja, ó ká ẹsẹ̀ òsì sókè, ó rọra yí i. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló mú téèpù, ó wọn ẹsẹ̀ méjèèjì láti ìbàdí dé kókósẹ̀, òsì sì fi sẹ̀ǹtímítà 2 kúrú ju ọ̀tún lọ. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń fi téèpù wọn èèyàn, mi ò wọn ara mi rí.

Ó gbé X-ray ìbàdí sójú iná. Orí eegun itan ọ̀tún rí róbótó bí àgbálùmọ̀ nínú ihò rẹ̀. Ti òsì ti wọlẹ̀ lókè, ó ti pẹlẹbẹ, bíi bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ ń jò lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni kò dé ibẹ̀ mọ́. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sórí eegun yẹn tín-ín-rín, kò sì ní olùrànlọ́wọ́ púpọ̀; bó bá dí, eegun á máa kú díẹ̀díẹ̀, ìwúwo ara á sì máa tẹ̀ ẹ́ rì. Iṣan ìmọ̀lára tó ti ìgbáròkó wá náà ló dé orúnkún, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè máa tọ́jú orúnkún nígbà tí ìgbáròkó ń bàjẹ́ lọ.

Ó wá béèrè jẹ́nótáìpù mi. Mo ní AA. Ó ní kí n tún un ṣe.

SC ni mí.

Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mo ti bímọ mẹ́ta. Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni yàrá àyẹ̀wò kan ti kọ AA sórí ìwé péńpé fún mi, ìwé yẹn ni mo fi ṣègbéyàwó. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń ka gbogbo ìgbà òjò tí ara ti ń ro mí bí ẹni tí wọ́n lù, mo rántí oyún kejì tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá lọ, tí wọ́n ní ibà ni. Dókítà ẹ̀jẹ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SC kì í sábà wálẹ̀ bíi ti SS, nítorí náà èèyàn lè dàgbà láìmọ̀ pé òun ní fọ́níkú-fọ́ladìde. Ṣùgbọ́n ìgbáròkó àti ojú ni àìsàn náà máa ń bá jà lábẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló kọ̀wé pé kí n lọ yẹ inú ẹyinjú wò. Ojú ni mo fi ń jẹun. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Wọ́n rí ohun kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀tún, wọ́n ní kí n máa padà wá lọ́dọọdún.

Bàbá àwọn ọmọ mi tún tirẹ̀ ṣe ní yàrá àyẹ̀wò méjì. AA ni. Ọmọ méjì jẹ́ AC, ọ̀kan jẹ́ AS, kò sí èyí tó ní àìsàn náà nínú wọn. Mo sunkún títí. Ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín, jẹ́nótáìpù tí wọ́n ṣe fún yín nígbà èwe, ẹ tún un ṣe níbòmíràn, pàápàá kí àwọn ọmọ yín tó máa fẹ́ ara wọn sọ́nà.

Ká ní mo tètè dé ni, wọ́n ní àwọn ì bá lu ihò sínú eegun náà kí ẹ̀jẹ̀ lè tún rọ́nà gbà. Eegun tó ti wọlẹ̀ kò gba ìyẹn mọ́, pípààrọ̀ ló kù. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ohun tó dín in kù ni ìgbà tí mo kà pé láti ọdún 1962 ni John Charnley, dókítà oníṣẹ́ abẹ eegun, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìgbáròkó àtọwọ́dá tó ṣiṣẹ́ dáadáa sí àwọn èèyàn lára ní Wrightington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ abẹ náà dàgbà jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Dókítà kò sì tàn mí. Ó ní ó lè tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lára, àmọ́ bí mo ṣe wà lọ́mọ ọdún yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú.

Ó gbé ike fífẹ́lẹ́ tí wọ́n ya oríṣiríṣi ìwọ̀n sí lé orí X-ray mi, ó ń pààrọ̀ wọn títí ọ̀kan fi ṣe wẹ́kú. Mo ní, "Pátánì nìyí, sà." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní eegun ẹni tó nírú ẹ̀jẹ̀ mi a máa le, ihò inú rẹ̀ a sì máa tóóró, nítorí náà àwọn gbọ́dọ̀ ti wá ìwọ̀n kékeré sílẹ̀ káwọn tó la ara mi. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀ sí i. Mo mọ ojú ẹni tó ń wọn nǹkan kó tó gé e.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ tó báyìí kí wọ́n tó fi abẹ kan èèyàn. Wọ́n ní kí n kó gbogbo oògùn mi wá. Apòògùn ṣa èyí tó wà nínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá dexamethasone níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì. Oògùn yẹn, bó bá pẹ́ lára, òun fúnra rẹ̀ lè pa orí eegun itan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lò ó, èmi ni mo ń fowó mi rà á. Inú mi ṣì ń bàjẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n dá díkílófẹ́nà tó ń pa ìrora náà dúró nítorí kíndìnrín, wọ́n dá àgbo dúró. Wọ́n yọ eyín mi kan tó ti jẹrà, torí kòkòrò àrùn tó bá ti ẹnu wọ ẹ̀jẹ̀ lè lọ ba sára irin tuntun, wọ́n sì lè ní láti yọ gbogbo rẹ̀ jáde. Ìtọ̀ náà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nítorí bẹ́ẹ̀.

PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 31. Dókítà ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó máa kun mi lóorun fẹnu kò pé kí wọ́n pààrọ̀ díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi kó tó di ọjọ́ náà, kí èyí tó máa ń dí iṣan má pọ̀ jù. Omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ lára mi, òtútù kò gbọ́dọ̀ mú mi. Mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ télọ̀ wa wọkọ̀ wá sí Èkó láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nítorí mi. Èmi àti ọ̀kan nínú wọn kò bára wa sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì lórí oníbàárà kan. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n fà á.

Owó ńkọ́? Mo gba àjọ ṣáájú, mo ta ẹ̀rọ kan, bàbá àwọn ọmọ yá owó nínú alájẹṣẹ́kù. Aṣọ ẹbí ọ̀nà mẹ́fà ni mo dá padà.

Ọ̀pá tí mo fi ń rìn, ọwọ́ òsì ni mo ti ń dì í mú, níhà ibi tó ń dùn mí. Oníṣẹ́ fisió ní kí n gbé e sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìṣísẹ̀ kìíní ni mo ti rí ìyàtọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, tí mò ń gbé ẹsẹ̀ sókè bó ṣe kọ́ mi, kí iṣan lè lágbára sílẹ̀. Káfíńtà ti kan àga gíga tó ní ihò láàárín, èyí tí a ó gbé lé ìjókòó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, mi ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí ohun tó rẹlẹ̀, mi ò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọ́ra, mi ò gbọ́dọ̀ lóṣòó, kí ìgbáròkó tuntun má baà yẹ̀ kúrò nínú ihò. Àpótí tí mo fi ń fọṣọ, mo ti gbé e fún aládùúgbò.

Nígbà tí mo rí dókítà kẹ́yìn, mo béèrè bóyá n ó lè kúnlẹ̀ mọ́. Ó rò ó díẹ̀. "Ó máa gbà yín tó oṣù mélòó kan, mà. Bó bá jiná dáadáa, orúnkún òsì ni kí ẹ máa kọ́kọ́ fi kanlẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ní, "O sì jẹ́ kí n máa rò ó láti oṣù kìíní pé mo ti ṣẹ̀ ọ́." Ọjọ́ kejì ni wọ́n kó ẹrù wọn wá sọ́dọ̀ wa.

Ọjọ́ 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ abẹ náà. Mo ti rán síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ òsì láti òkè délẹ̀, kí wọ́n lè máa rójú ọgbẹ́ láìbọ́ mi láṣọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Màámi jókòó sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ti wọ awò ojú wọn, wọ́n ń bá mi rán bọ́tìnì sí ẹ̀kẹta.