Ojú Ọba Lára Góòlù

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé góòlù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde, n kì í wo ọnà ara rẹ̀ kí n tó gbé e lé ìwọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń wo aureus, owó góòlù àwọn ará Róòmù àtijọ́, lórí fóònù mi nígbà tí ọjà bá dákẹ́.

Láyé Augustus, ọba Róòmù, ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8, owó fàdákà 25 ni wọ́n sì fi ń ṣẹ́ ẹ. Lọ́dún 64, ọba mìíràn, Nero, gé e wálẹ̀ sí 7 àti díẹ̀. Ẹ wá wo ojú rẹ̀ lára owó náà o: ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń yọ sí i. Góòlù ń rù, ọba ń sanra! Augustus ní tirẹ̀ kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 76 kó tó kú, síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ló wà lára owó. Ọba Vespasian ni mo gba tiẹ̀: ó jẹ́ kí wọ́n ya orí tó pá àti ojú tó hunjọ.

Èyí tó wù mí jù ni ti ọba Septimius Severus, ọmọ ìlú Leptis Magna ní Líbíà òde òní. Ní nǹkan bí ọdún 202, wọ́n ya Julia Domna, ìyàwó rẹ̀, sí ẹ̀yìn owó, àwọn ọmọ wọn méjèèjì, Caracalla àti Geta, wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ìyá kọjú sí wa gan-an. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, nítorí òdìkejì ni oníṣọ̀nà ń gbẹ́ ẹ sára irin kí wọ́n tó fi òòlù lù ú mọ́ góòlù, imú tó yọ síta ló sì máa ń kọ́kọ́ pa rẹ́ bí owó bá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́.

Lọ́dún 211, Caracalla ní kí wọ́n pa Geta, ó sì pàṣẹ kí wọ́n pa orúkọ àti àwòrán rẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo. Pákó kan wà ní Berlin tí wọ́n kun ìdílé náà sí. Wọ́n ti ha ojú Geta kúrò. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ha owó góòlù lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan? Àfi kí wọ́n yọ́ ọ. Nígbà tó sì di 215, Caracalla fúnra rẹ̀ tún dín ìwọ̀n kù sí bíi gíráàmù 6 ààbọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ta ló máa gbé èyí tó wúwo, ti ayé bàbá rẹ̀, fún alágbẹ̀dẹ ọba pé kó yọ́ ọ?