Ẹni Tí Ò Sin Òkú Rí

Jímọ̀ọ́, ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, ọjọ́ Halloween, tí àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù máa ń múra bí òkú àti iwin, tí wọ́n á máa kànkùn kiri tọrọ suwíìtì.

"Ẹni tí ò sin òkú rí ló ń fòkú ṣeré."

Ìyá kan ló sọ ọ́ lórí fóònù nínú bọ́ọ̀sì 78, bá a ṣe ń kúrò ní Peckham. Kì í ṣe èmi ló ń bá wí. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo gbọ́ Yorùbá, torí fìlà òtútù ti bò mí dé ojú. Àwọn ọmọdé kan ló wọlé, ọ̀kan wọ aṣọ dúdú tí wọ́n ya egungun sí, èkejì fi ọ̀dà pupa ra ẹnu bí ẹ̀jẹ̀. Ìyá pòṣé, ó sọ tiẹ̀, ó sì bọ́ padà sórí owó àjọ tí ẹnì kan kó jẹ.

Èmi sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá mi sọ̀ kalẹ̀.

Mo kọ́kọ́ gbà fún un pátápátá. Inú mi dùn gan-an ni, bíi pé ẹnì kan bá mi bú ẹni tí mi ò lè bú. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n ri òkúta sàréè oníke sínú ọgbà, tí ọwọ́ òkú ń yọ láàárín koríko, màá sì yíjú sápá kejì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti oṣù kẹjọ, ojú mi ò gba sàréè. Èyí tó yẹ kí n dúró tì, orí fóònù ni mo ti wò ó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já nígbà tí wọ́n fẹ́ bu erùpẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Àmọ́ ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìyá náà jókòó dáadáa. Ọ̀gá wa ti gbé egungun oníke kan tó ga tó èèyàn sórí àga ní pálọ̀, ó dé e ní fìlà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lé èkejì bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó! Níbi tí ìbùsùn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣófo! Ó ń ṣe mí bíi kí n gbé e jù síta, mo tún ní ta ló bi mí.

Bàbá ará Ireland wa, ẹni tó máa ń pè mí ní nọ́ọ̀sì, jókòó tì í. Ó wò ó títí, ó ní, ṣé ẹnikẹ́ni ti fún ọkùnrin yìí ní tíì? Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ní Mayo nígbà tóun wà lọ́mọdé, wọn ò mọ elégédé tí wọ́n ń gbẹ́ lónìí, turnip, gbòǹgbò kan tí wọ́n ń sè jẹ, ni wọ́n ń gbẹ́ ojú àti imú sí, ó le bí òkúta, ṣíbí lèèyàn á fi máa ha inú rẹ̀ títí ọwọ́ á fi lé. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ ìrántí àwọn òkú, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ìyá òun kì í ti ilẹ̀kùn. Á fi iná sílẹ̀ kó máa jó, á to àga yí i ká fún àwọn ará ilé tó ti lọ.

Mo bu tíì. Mo gbé e síwájú egungun náà. Nígbà tó yá, bàbá fúnra rẹ̀ mu ún.

Ṣé ẹni tí ò sin òkú rí nìyẹn? Àwọn bàbá tirẹ̀ ló kó nǹkan yìí dé Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí elégédé tí wọ́n sì fi turnip sílẹ̀ (ta ni ò ní fi í sílẹ̀?), kó tó wá di ti suwíìtì àti ike tó kún Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá inú bọ́ọ̀sì ò mọ nǹkan kan. Tàbí ó mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa gbogbo wọn.

Ìjọ wa kìlọ̀ lórí WhatsApp pé ká má fọmọ wa fún òkùnkùn, ká mú wọn wá sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú aṣọ àwọn ará inú Bíbélì. Ọmọ mi ọkùnrin di Sámúsìnì, wíìgì mi àtijọ́ ló fi ṣe irun. Suwíìtì ni wọ́n pín fún wọn níbẹ̀ náà. Suwíìtì kan náà.

Ilé tí ò bá gbé elégédé síta, àwọn ọmọ ibí kì í kànkùn ibẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ sè ni mo gbé sójú fèrèsé, ni wọ́n bá rò pé àmì ni. Ọmọ kan tó fi aṣọ funfun borí ṣí i sókè, ó họ imú, ó dúpẹ́, ó tún bo ojú. Mo rántí Ìbàdàn. Ta ló jẹ́ ṣí ẹ̀kú kó tó họ imú? Ará ọ̀run ni, ọmọ kankan ò sì gbọdọ̀ bèèrè ta ló wà nínú aṣọ. Àwa kì í fi tiwa ṣeré. Àbí eré náà ni, tá a kàn mọ̀ ọ́n ṣe débi tí ẹ̀rù fi ń bà wá… mi ò mọ̀. Egúngún náà ń jó, ó ń tọrọ owó.

Bóyá owú ló ń ṣe mí.

Mo rò ó wò pé kí n to àga lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣé Màámi á mọ ọ̀nà? Ìgbà tó wà láyé gan-an, wọn ò fún un ní físà. Kò sì fẹ́ràn òtútù.

Elégédé yẹn kún fún omi, kò dùn rárá, àwọn tí wọ́n ń tà fún gbígbẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún jẹ. Ata ló gbà á là. Àwọn kan ti ń yin báńgà ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá, Bonfire Night tí wọ́n máa ń yìn ín níbí, ò tíì pé.

Iṣẹ́ àárọ̀ ni mo ní lọ́la. Ọ̀gá wa ní òun máa kó gbogbo ẹ̀ṣọ́ náà kúrò. Màá bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí egungun yẹn ṣì jókòó títí di ọjọ́ Àìkú. Màá ní torí bàbá ni.