Láti Mọbalùfọ̀n Dé Ìlú Èédú: Ìrìnàjò Èmi Àti Ìyá Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ lè dúró sí Mọbalùfọ̀n ní Ìjẹ̀bú-Òde kí ẹ sì rí ọkọ̀ Ẹ́núgù wọ̀ ní iye tó bójú mu, ẹ bá mi bi onítọ̀hún bóyá òun fúnra rẹ̀ ti ṣe é rí. Àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Èkó ti gbé èrò tán kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, èyí tí àyè méjì bá sì ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà láti Èkó gan-an ni yóò gbà, ₦28,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí kọ̀ńdọ́ yọ owó Èkó sí Ìjẹ̀bú kúrò níbẹ̀. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá lọ dá epo tó ti jó padà sínú táǹkì ni?" Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, mo san owó, a wọlé.

Ìyá mi ló ni ìrìnàjò náà. Ẹ́núgù ni a bí wọn sí ní 1952, nígbà tí bàbá wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, ń ṣe akọ̀wé nílé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ní 1966 ni wọ́n kó padà wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, ìyá mi kò sì tún fojú kan ibẹ̀ mọ́ títí di ọdún yìí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti ń pe ibẹ̀ ní "ìlú èédú", débi pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé inú àlọ́ ni ìlú náà wà.

A kò tíì kúrò nílẹ̀ Ìjẹ̀bú rárá tí ọkọ̀ fi dákú. A ti kọjá Ògbèrè, a kò tíì dé J4, nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú. Dẹ́rẹ́bà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ki ọwọ́ bọ ibẹ̀, ó sì fa fáńbẹ́ẹ̀tì yọ. Ó ti já sí méjì, etí rẹ̀ ti fọ́n bí okùn àgbà, ó sì ń rùn bí ìgbà tí ènìyàn fi bàtà rọ́bà dáná. Mo dúró kí ó mú òmíràn jáde. Kò sí òmíràn. Ọkọ̀ tó fẹ́ rin ìrìnàjò odindi ọjọ́, tó gba owó pípé lọ́wọ́ èrò méjìdínlógún, kò ní fáńbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ní ìpamọ́! Kọ̀ńdọ́ gun ọ̀kadà padà sí Ògbèrè. Lẹ́yìn wákàtí méjì ó dé, ó mú èyí tó kéré ju ti ọkọ̀ náà lọ wá. Ó tún padà lọ. Nígbà tó fi mú èyí tó bá a mu wá, ó ní ₦15,000 ni ẹni tó tà á fún òun gbà, dẹ́rẹ́bà sì ní ìgboyà láti ní kí àwa èrò dáwó jọ. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ náà, mo gbà pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Níkẹyìn, a dá ₦500, ₦500, nítorí ilẹ̀ ń lọ, igbó ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń gbàlejò alẹ́.

Ebi ti wá ń pa wá nígbà náà. Obìnrin kan gbé gàrí àti ẹ̀pà wá láti abúlé tó wà nítòsí. Ìyá mi fi omi inú ọ̀rá tútù rẹ gàrí náà, wọ́n bù ú sẹ́nu, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì wo obìnrin náà tìyanu-tìyanu: "Gàrí yìí kò kan! Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú ńbí?" Inú bí wọn ju bí fáńbẹ́ẹ̀tì ti bí èmi nínú lọ.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ọjọ́ ti yí padà fún mi. Wọ́n tẹ́ ìborùn wọn sábẹ́ igi, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Ní 1909 ni àwọn òyìnbó tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri rí èédú ilẹ̀ lára àwọn òkè tó wà lẹ́bàá Údì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915, nígbà tó sì di 1916, ojú irin tí wọ́n tẹ́ láti Port Harcourt ti ń kó o lọ sí etí òkun. Iṣẹ́ èédú yìí ló kó èrò jọ tí ibi tí ó jẹ́ abúlé àti oko fi di ìlú. Èédú ibẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ ojú irin, òun náà ni wọ́n sì ń kó wá sí Ìjọra l'Ékòó láti fi mú iná mànàmáná jáde. Ìyá mi ní aṣọ funfun kì í pẹ́ lórí okùn ládùúgbò àwọn, pé bí ẹ bá sá a láàárọ̀, ẹ óò tún un fọ̀ nírọ̀lẹ́.

Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ 1949. Bàbá wọn ló sọ ọ́ fún wọn. Àwọn awakùsà ní Iva Valley, ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Ẹ́núgù, ń bèèrè owó tó tọ́ sí wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lẹ́lẹ́ mú iṣẹ́. Ìjọba amúnisìn ń bẹ̀rù pé àdó olóró tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta nínú ihò lè bọ́ sí ọwọ́ wọn, wọ́n sì rán ọlọ́pàá láti lọ kó o. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó tó kó wọn lọ pàṣẹ kí wọ́n yìnbọn. Awakùsà 21 kú, 51 fara gbọgbẹ́. "Wọn kò mú ìbọn lọ́wọ́," ni ìyá mi ń tún sọ, "bàbá mi ní wọn kò mú ìbọn lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ náà mú kí àwọn olóṣèlú tí wọn kì í fẹ́ rí ojú ara wọn jókòó pọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Dẹ́rẹ́bà wá fọn fèrè pé ọkọ̀ ti ṣe tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo fẹ́ kí ó ní sùúrù díẹ̀ sí i.

Òru ni a dé Ẹ́núgù. Lówùúrọ̀ a lọ sí Iva Valley. Ọmọkùnrin kan ní ₦5,000 ni òun yóò fi mú wa dé ẹnu ihò, a parí rẹ̀ sí ₦2,000, èyí náà sì ti pọ̀ jù, nítorí kò sọ ju "ẹ rọra o" lọ. Bí ẹ bá lọ, àgbàlagbà ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kí ẹ tó dá owó.

Ihò náà kò rí bíi kànga bí mo ti rò. Inú òkè ni wọ́n gbẹ́ ẹ wọ̀ tààrà, bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà wọ ilé, igi àti ewéko sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i pa. Omi kan ń ṣàn níbẹ̀, ó pọ́n bí ìgbà tí epo pupa dà sí i, gbogbo òkúta tó ń gbà kọjá náà ti pọ́n. N kò rí irin tí àwọn kẹ̀kẹ́ èédú ń gbà, tí ó hàn kedere nínú àwòrán tí bàbá àgbà fi sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti lọ sọ́dọ̀ epo dísù, ogun 1967 sí 1970 dá iṣẹ́ ihò dúró, iná mànàmáná sì bọ́ sọ́wọ́ omi Kainji àti afẹ́fẹ́ gáàsì. Ìlú Ẹ́núgù wà níbẹ̀ digbí, ó kún, ó lẹ́wà. Ìlú èédú tí a tìtorí rẹ̀ wá ni a ń wá. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣa ègé èédú kékeré kan nílẹ̀, wọ́n fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Kí a tó dé ojú títì, áńkáṣíìfù náà ti dú. "Ó ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi í sínú báàgì wọn.

Wọ́n ní kí a dé Coal Camp, ibi tí àwọn awakùsà ń gbé nígbà náà. Mẹkáníìkì àti àwọn tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ni a bá níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ, enjíìnì kọ́ lulẹ̀ níhìn-ín, táyà lọ́hùn-ún. Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù kan, fáńbẹ́ẹ̀tì kọ́ sókè bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo bèèrè iye irú èyí tó já lẹ́yìn Ògbèrè. ₦4,500.

"Rà á," ni ìyá mi wí.

Mo rà á. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a fẹ́ wọ ọkọ̀ padà sílé, kí n tó bi dẹ́rẹ́bà ní iye tó ń gbà, mo kọ́kọ́ bi í ní irú fáńbẹ́ẹ̀tì tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lò.